Ọta ẹlẹ́yọ, onísítírípù àbí ìṣó ẹlẹ́ẹ̀tù: èwo ni kí ẹ rà fún ìbọn ìṣó?

Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá lọ ra ìbọn ìṣó, irinṣẹ́ tó ń fi agbára ẹ̀tù ta ìṣó wọ kọnkéré, ní Orílé, ìbọn gan-an ni wọ́n máa ń gbájú mọ́. Wọ́n á gbé e wò bóyá ó wúwo, wọ́n á bi oníṣọ́ọ̀bù bóyá ojúlówó ni, wọ́n á ná an, wọ́n á sì gbé e lọ. Wọn kì í bèèrè ọta, ìyẹn ẹ̀tù tó ń ta ìṣó náà, tí yóò máa jẹ títí iṣẹ́ yóò fi dé. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2017. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa ra ìbọn, ṣùgbọ́n ọta lẹ ó máa rà ní gbogbo ìgbà tí iṣẹ́ bá ti dé. Ọta ni kí ẹ kọ́kọ́ yàn, kí ẹ wá ra ìbọn tó ń jẹ ẹ́.

Iṣẹ́ àjà ni mò ń ṣe: POP, PVC, àti pátákó tí wọ́n fi ń pín ọ́fíìsì sí yàrá yàrá. Sùúrùlérè ni mò ń gbé, iṣẹ́ a máa gbé mi dé Yábà àti Ìkẹjà, nígbà mìíràn mo máa ń sọdá sí Èkó tàbí Lẹ́kì. Mo ti fi owó ara mi ra oríṣi ọta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà lọ́jà.

Àkọ́kọ́ ni ọta ẹlẹ́yọ, èyí tí wọ́n ń pè ní .22, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 5.6. Ẹ ó kì í sínú ìbọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìbọn rẹ̀, òòlù lẹ ó fi lu ìdí rẹ̀ kó tó yìn. Ìkejì ni onísítírípù, .27, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 6.8. Mẹ́wàá ló tò sórí ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Bí ẹ bá ti yìn ọ̀kan, ẹ ó fa ẹnu ìbọn síwájú, ẹ ó tì í padà, òmíràn á bọ́ sípò. Ìkẹta ni mo ń pè ní ìṣó ẹlẹ́ẹ̀tù, nítorí ìṣó àti ẹ̀tù rẹ̀ ti wà papọ̀ láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ìbọn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní ọ̀pá gígùn nídìí, tí àwọn ọmọ iṣẹ́ fi ń yìn àjà láti ilẹ̀, òun ló ń jẹ ẹ́.

Ní 2021, a gba iṣẹ́ àjà gbọ̀ngàn kan ní Yábà. Dẹ́kìn, ìyẹn kọnkéré orí ilé tí a fẹ́ so àjà mọ́, ga lókè, iná kò sí, jẹnẹrétọ̀ oníbàárà wa sì ti bàjẹ́, nítorí náà dírílì kò ṣe é lò. Ìbọn ìṣó ẹlẹ́ẹ̀tù ni mo ní nígbà náà, mo bá sáré lọ ra páálí kan. Oníṣọ́ọ̀bù kan dín owó rẹ̀ kù fún mi débi pé ó yẹ kí n ti fura. Etí ilẹ̀kùn ló to páálí náà sí, ìdí rẹ̀ sì ti ní àbàwọ́n omi. Mo rí i, mo sì rà á.

Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, a óò yìn méjì, ẹ̀kẹta á dákẹ́. A óò yìn ọ̀kan, méjì á dákẹ́. Ẹni tí kò bá tíì ṣe irú iṣẹ́ yìí lè rò pé kí a kàn yọ ọ́ kí a fi òmíràn sí i ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin iṣẹ́ yìí ni pé bí ọta bá kọ̀, ẹ kò gbọ́dọ̀ gbé ìbọn kúrò lára ògiri tàbí àjà fún ó kéré tán ìṣẹ́jú àáyá 30, nítorí iná lè ti wọ inú rẹ̀ kó máa jó díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ tún un yìn. Bó bá tún kọ̀, ẹ tún dúró fún 30 mìíràn, kí ẹ tó rọra yọ ọ́ sínú omi. Ẹ wá ro ẹni tó ń na ọ̀pá sókè, tí ọrùn rẹ̀ yí sẹ́yìn, tó ń ka ọgbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì lórí ìṣó kan ṣoṣo, tó sì tún máa kà á lórí èyí tó tẹ̀ lé e.

"Ọ̀gá, ó tún kọ̀ o."

"Gbé e mọ́ ọ̀hún. Ka ọgbọ̀n."

Nígbà tó di ọwọ́ ọ̀sán, ọmọ iṣẹ́ mi kò kà á pé mọ́. Mo gbọ́ tí ìbọn ṣe "káà", mo rí i tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ kalẹ̀, ìgbà náà ló tó dún. Ìṣó náà gba ẹ̀gbẹ́ lọ, ó bá dẹ́kìn, ó ta padà, ó sì balẹ̀ sórí táìlì oníbàárà. Táìlì méjì là. Mo dúpẹ́ pé kì í ṣe ojú ọmọ ọlọ́mọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi wá irú táìlì yẹn; mo san owó rẹ̀, mo san owó ẹni tó wá lẹ̀ ẹ́, mo sì da ìyókù páálí náà nù. Owó tí mo rò pé mo jèrè nínú rẹ̀ ti lọ, iṣẹ́ ọjọ́ méjì sì di iṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún.

Láti ọjọ́ yẹn, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo ń bi ọta kankan ni pé: ṣé wàá dún? Bí o kò bá sì dún, kí lo máa fi ojú mi rí?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń mú kí ọta .22 àti .27 kọ̀. Kò sí ohunkóhun láàárín ìdí wọn tí abẹ́rẹ́ ìbọn ń gún. Etí ìdí náà, níbi tí wọ́n ti ṣẹ́ bàbà rẹ̀ po yíká, ni ohun tó ń sọ iná wà. Nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é, wọ́n á fi èròjà náà sínú rẹ̀ ní tútù, wọ́n á yí i kó lè tàn wọ inú etí náà yíká, kó tó gbẹ. Abẹ́rẹ́ ìbọn á tẹ etí yẹn mọ́lẹ̀, iná á sọ, ẹ̀tù á gbà á. Bí ibì kan nínú etí náà bá ṣófo, tó sì jẹ́ pé ibẹ̀ ni abẹ́rẹ́ bá, kò ní dún. Bí omi bá sì ti bá ẹ̀tù, kò ní dún dáadáa. Ọgbọ́n àtijọ́ ni: 1857 ni Smith & Wesson ti gbé ọta .22 irú èyí jáde fún ìbọn ìléwọ́ kékeré wọn. Ọmọ ìyá rẹ̀ ni ọta ìṣó wa, àfi pé kò ní òjé lẹ́nu. Wọ́n kàn fún ẹnu rẹ̀ pa ni.

Nínú kíkọ̀ yìí ni mo ti rí ìyàtọ̀ àwọn mẹ́ta náà. Ẹlẹ́yọ máa ń kọ̀, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà òòlù ló ṣẹ̀. Ẹni tó bá rọra lù ú bí ẹni ń kan ìṣó férémù, kò lè tẹ etí bàbà náà fọ́. Òòlù tí kò dín ní wọ́nsì 16 ni kí ẹ lò, kí ẹ lù ú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gírígírí. Ní ti onísítírípù, sípíríǹgì inú ìbọn ló ń lu ọta, agbára kan náà ló sì fi ń lù ú láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ tí apá yín ti rọ. Bí ọ̀kan bá kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tí ẹ sì ti dúró pé, ẹ ó fa sítírípù náà jáde, ìṣó yín ṣì wà níbẹ̀, iṣẹ́ ń lọ. Lọ́wọ́ mi, ọ̀kan tàbí méjì ló ń kọ̀ láàárín oṣù kan, oṣù mìíràn kò sí rárá. Ìṣó ẹlẹ́ẹ̀tù ní tirẹ̀, bó bá kọ̀, ìṣó àti ẹ̀tù ló bá a lọ. Ohun tí ẹ sì ń fọwọ́ yọ lẹ́nu ìbọn ni ìṣó tí ẹ̀tù rẹ̀ kò tíì jó, tí ẹ kò sì mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ẹ̀rù ìyẹn ṣì ń bà mí títí dòní.

Ibi tí ẹ bá ń kó ọta sí náà ṣe pàtàkì, pàápàá fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Lẹ́kì, níbi tí afẹ́fẹ́ òkun ti ń jẹ bàbà. Inú ike oúnjẹ tó ní ìdérí tó mọ́ ẹnu pinpin ni tèmi wà, pẹ̀lú àpò kékeré agbomi tí mo yọ nínú páálí bàtà. Ẹ má fi í sílẹ̀ sínú búùtù ọkọ̀ lọ́sàn-án, ẹ má sì kó o sápò pẹ̀lú ìṣó àti kọ́kọ́rọ́.

Nǹkan kejì tó tún ń jẹ owó ènìyàn ni àwọ̀. Àwọ̀ orí ọta ló ń sọ agbára rẹ̀. Nínú ètò àwọn ará Amẹ́ríkà, oní-bàbà bẹ̀rẹ̀ láti 1, àwọ̀ eérú; 2 ni búráùn, 3 àwọ̀ ewé, 4 yẹ́lò, 5 pupa, 6 àwọ̀ àlùkò. Nínú ọ̀pọ̀ tó ń wá láti Ṣáínà, kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá: dúdú wà níbẹ̀, òun ló sì le jù, ó ju pupa lọ. Nítorí náà, ẹ má sọ fún oníṣọ́ọ̀bù pé "ẹ fún mi ní pupa" lásán. Ẹ ka ara páálí. Èyí tó rọ̀ jù ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bí ìṣó kò bá wọlé tán, ẹ gòkè ní ìpele kan.

Dẹ́kìn Èkó kò dọ́gba. Ẹ lè yìn méjì lórí dẹ́kìn kan náà kí ọ̀kan wọlé bí ẹni wọ bọ́tà, kí èkejì tẹ̀. Kí ẹ tó yìn rárá, ẹ mú ìṣó kan, ẹ fi òòlù kàn án díẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́. Bí ẹnu rẹ̀ bá kúnú, ibẹ̀ le jù. Bí ibẹ̀ bá sán, kò ṣe é yìn. Bó bá wọlé wẹ́rẹ́, kò ní di nǹkan mú. Ẹ jìnnà sí etí kọnkéré tó mílímítà 75. Búlọ́ọ̀kù oníhò tí a fi ń mọ ilé wa, ẹ má yìn ín láé, nítorí ìṣó lè gba inú rẹ̀ kọjá bọ́ sí yàrá kejì, ẹ kò sì mọ ẹni tó jókòó síbẹ̀. Bíríkì àwọn ilé àtijọ́ ní Pópó Àgùdà náà, dírílì àti fíṣà (ike tí wọ́n ń kì sínú ihò kí súkúrúù lè dì mú) ló yẹ ẹ́.

Ìdí tí mo fi mú ọ̀rọ̀ àwọ̀ gùn nìyí: ẹlẹ́yọ àti onísítírípù ń jẹ́ kí ẹ yan agbára, .27 sì ga ju .22 lọ bí dẹ́kìn bá le. Ìṣó ẹlẹ́ẹ̀tù tí mo rà kò ní ju agbára kan lọ. Ohun tó bá bá pàdé ni yóò yìn bẹ́ẹ̀.

Ariwo: gbogbo wọn ló ń dún, ẹ di etí yín, kí ẹ sì wọ awò ojú.

Àkàbà: ìṣó ẹlẹ́ẹ̀tù ló borí, n kò lè purọ́, ọ̀pá rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹ gun nǹkan.

Owó ìbọn: ẹlẹ́yọ ló rọjú jù, onísítírípù ló wọ́n jù.

Ìtọ́jú: onísítírípù fẹ́ kí ẹ tú u, kí ẹ nù ún, kí ẹ fi òróró díẹ̀ sí i nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá lò ó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, dúdú ẹ̀tù á mú un há.

Rísíìtì: èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ẹ jẹ́ kó wà nínú báàgì pẹ̀lú ìbọn, nítorí ẹni tó bá ṣí báàgì yín lójú ọ̀nà, ìrísí ìbọn ni yóò rí.

Ta ló wá yẹ kó ra èwo? Ẹni tó fẹ́ ṣe ilé ara rẹ̀ nìkan, tàbí tó ń kan pátákó mélòó kan lóṣù, kó ra ẹlẹ́yọ, kó sì ra òòlù tó wúwo. Oníná tó kàn ń gbé kílíìpù páìpù mọ́ dẹ́kìn tuntun, tó sì mọ ibi tí òun ti ń ra ọjà tí omi kò bá, ìṣó ẹlẹ́ẹ̀tù lè bá a lára mu. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lónìí ní Mushin, tó ń bọ̀ ní Ìkòyí lọ́la, tó ń pàdé dẹ́kìn rírọ̀ àti líle, bíìmù àti òpó, tí oníbàárà sì dúró tì í, onísítírípù ni mo rí i pé ó ń gbà á lọ́wọ́ ìtìjú. Owó rẹ̀ dun mí lọ́jọ́ tí mo rà á. Láti ìgbà yẹn, n kò tíì san owó táìlì ẹnikẹ́ni.

Bí ẹ bá dé ọjà, ẹ má gba páálí tí wọ́n ti lẹ̀ pa láìṣí i. Mo máa ń sọ fún Alhaja tí mo ń rà lọ́wọ́ wọn báyìí pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rí ìdí rẹ̀." Wọ́n á ṣí i. Mo máa ń wò ó bóyá bàbà rẹ̀ ní àmì àwọ̀ ewé tàbí funfun bí ìyẹ̀fun, bóyá páálí ti wú, bóyá etí ìdí ọta kankan ti tẹ̀. Mo máa ń ra sítírípù méjì péré, mo máa ń lọ yìn wọ́n sórí àfọ́kù kọnkéré tó wà lẹ́yìn ilé mi, kí n tó padà wá ra páálí. Ìbọn ẹlẹ́ẹ̀tù mi ṣì wà nínú sítọ́ọ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi ti gba òmìnira, ó ní kí n fún òun. Mo ní kó kọ́kọ́ wá ka ọgbọ̀n fún mi.