Omi ẹ̀rọ ní Kubwa: bíìlì ń gòkè, páìpù ń jò

Bí ẹ bá fẹ́ yá ilé ní Kubwa l'Abuja, tí onílé sì ní omi ìjọba wà níbẹ̀, ẹ má kàn ṣí ẹ̀rọ wò kí ẹ gbà. Ẹ ní kó fi bíìlì omi hàn yín.

Omi fúnra rẹ̀ dára. Tó bá ti pẹ́ tó ti wá gbẹ̀yìn, ẹ̀rọ á kọ́kọ́ húkọ́, á tu atẹ́gùn, omi pupa á dà sínú báálì, lẹ́yìn náà á mọ́ gaara. Ọṣẹ ń hó nínú rẹ̀ dáadáa, kò rí bí omi bóòhóòlù ilé tí mo ti kó kúrò. Mo gbóṣùbà fún iléeṣẹ́ omi níbẹ̀ yẹn.

Bíìlì ló ń bí mi nínú. Mítà wa ti kú, gíláàsì rẹ̀ ti ṣú, kò sẹ́ni tó lè ka nǹkan kan lójú rẹ̀. Síbẹ̀, a wà nílé o, a rìnrìn àjò o, iye kan náà ni wọ́n ń gbé wá. Nígbà tí wọ́n sì fowó kún un, orí àfojúdá yẹn náà ni wọ́n kún un lé. Ọmọkùnrin tó ń pín bíìlì, ọmọlúàbí ni, ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Àwa náà ti sọ fún wọn títí."

Mi ò ní kí owó má gòkè o. Ọdún 1984 ni wọ́n kọ́ dáàmù Usuma tí omi wa ti ń wá, ọdún méje kí ìjọba àpapọ̀ tó kó kúrò l'Ékòó. Kì í ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn tòní ni wọ́n ṣe é dè. Wọ́n ṣì ní láti fi páìpù kìlómítà 75 fa omi Gurara wá kún un láti ìpínlẹ̀ Kaduna. Owó iná tí wọ́n fi ń fa omi ńkọ́? Ní oṣù Kẹrin 2024, yúníìtì iná Band A, ìyẹn ti àwọn tí iná wọn yẹ kó tó ogún wákàtí lójúmọ́, fò láti náírà 68 sí 225. Ta ni yóò san án bí kò ṣe àwa?

Ṣùgbọ́n páìpù tó bẹ́ nítòsí alákàrà àdúgbò wa ni mi ò lè gbójú fò. Láàárọ̀, àwọn mẹ́rúwà á ti kẹ̀kẹ́ wọn débẹ̀, wọ́n á ki rọ́bà bọ ojú ibi tó ń jò, wọ́n á rọ kẹ́ẹ̀gì wọn kún. Tí ẹ̀rọ bá gbẹ lọ́sàn-án, àwọn náà ni yóò máa ké "Ruwa! Ruwa!" lẹ́nu géètì wa. Omi tí wọ́n ti kọ bíìlì rẹ̀ fún wa la tún ń rà. Alákàrà ní kí wọ́n má tíì tún un ṣe, ibẹ̀ lòun ti ń bó ẹ̀wà.

Nínú máàkì márùn-ún, omi gba mẹ́rin, bíìlì gba ẹyọ kan. Mo ti kọ̀wé béèrè mítà tuntun. Tí wọ́n bá gbé e wá, n ó wá tún máàkì yìí ṣe.