OLED àti Mini-LED: ohun tí ojú rẹ ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n HDR

Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù lọ ra tẹlifíṣọ̀n HDR, èyí tó ń fi ibi tó mọ́lẹ̀ àti ibi tó ṣókùnkùn nínú àwòrán hàn dáadáa ju ti àtijọ́ lọ, iye nit ni wọ́n máa kọ́kọ́ kà sí i létí. "Eléyìí 2,000, ìyẹn 1,000." Ó parí nìyẹn lójú tiwọn. Nit ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde lójú sikirínì lóòótọ́, àmọ́ ojú èèyàn kì í ka ìmọ́lẹ̀ bí ẹni ń ka owó. Tí nit bá di ìlọ́po méjì, ohun tí wàá rí ò ju pé àwòrán náà fi díẹ̀ mọ́lẹ̀ sí i. Kó tó jọ ọ́ lójú pé ìmọ́lẹ̀ ti di méjì, àfi kí nit tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́jọ.

OLED, ọ̀kan nínú oríṣi sikirínì méjì tí à ń fi wéra, kò ní iná lẹ́yìn. Píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àmì tín-ín-tìn-ìn tó ń para pọ̀ di àwòrán, ló ń tan ara rẹ̀, òun náà ló ń pa ara rẹ̀. Wo fíìmù kan lórí rẹ̀ lálẹ́, níbi tí ẹnì kan ti gbé àtùpà wọ yàrá tó ṣókùnkùn: gbogbo ẹ̀gbẹ́ á dúdú bíi kóró iṣin, iná àtùpà yẹn á sì ta sí ọ lójú, bí kò tilẹ̀ ju nit 600 lọ. Dúdú tó yí i ká ló gbé e yọ. Ibi tó ti ń rẹ OLED ni àwòrán tó funfun káàkiri, bíi yìnyín. Èyí tó ń mú nit 1,000 wá lójú kan kékeré lè já sí bíi 200 tí gbogbo sikirínì bá funfun báláú, torí ó ń dín agbára kù kó má baà gbóná jù.

LCD ni Mini-LED, ìyẹn sikirínì tó ń gba ìmọ́lẹ̀ láti ara iná ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún gílóòbù wẹ́wẹ́ ló wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì pín wọn sí agbo-agbo tó ń mọ́lẹ̀ pọ̀, tó sì ń ṣókùnkùn pọ̀. Sikirínì 4K ní píksẹ́lì tó lé ní mílíọ̀nù 8. Tí agbo iná bá jẹ́ 1,000, agbo kan ṣoṣo ń bójú tó píksẹ́lì tó lé ní 8,000. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ funfun ìsàlẹ̀ fíìmù fi máa ń ní ìmọ́lẹ̀ rúbúrúbú yí ká, bí òṣùpá inú kùrukùru. Èmi ò lè gbójú kúrò lára ẹ̀. Ìyàwó mi ní òun ò rí nǹkan kan.

Ọ̀sán ni Mini-LED ń gbẹ̀san, torí ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ ló wúlò nígbà náà ju dúdú lọ. Oòrùn tó bá gba fèrèsé bọ́ sójú sikirínì ń ta padà, kò sì sí dúdú kankan tó lè dúdú ju ohun tó ń ta padà yẹn lọ. Àwọn QD-OLED (irú OLED kan) tó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 2022 tiẹ̀ máa ń fà sí eérú nírú pálọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀ràn mìíràn tún wà: nínú HDR10 àti Dolby Vision, àwọn ìlànà tí wọ́n fi ń ṣe fíìmù HDR, ojú òṣèré tí wọ́n fi sí nit 100 nínú yàrá tó ṣókùnkùn ní ilé iṣẹ́ wọn, nit 100 náà ni wọ́n fẹ́ kí tẹlifíṣọ̀n rẹ gbé jáde, ìbáà jẹ́ òru, ìbáà jẹ́ ọ̀sán gangan. Ohun tó ń mú kí àwọn èèyàn máa ráhùn nìyẹn pé HDR ṣókùnkùn ju fíìmù àtijọ́ lọ. Èyí tó bá ní Dolby Vision IQ tàbí HDR10+ Adaptive máa ń wo bí yàrá ṣe mọ́lẹ̀ tó, á sì tún un ṣe.

Ẹni tó ń ra ti kọ̀ǹpútà, fojú sílẹ̀ níbí. DisplayHDR 400 àti DisplayHDR True Black 400, àwọn àmì ẹ̀rí tí wọ́n ń fún sikirínì kọ̀ǹpútà, kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Nit 400 ni àwọn méjèèjì, àmọ́ ti ẹ̀yìn ò gbọdọ̀ ní dúdú tó mọ́lẹ̀ ju nit 0.0005 lọ. Èyí àkọ́kọ́ ni mo máa ń sọ fún èèyàn pé kó fi sílẹ̀.

Tó o bá dé ṣọ́ọ̀bù, ní kí wọ́n yí ètò àwòrán rẹ̀ kúrò ní Vivid sí Movie. Lẹ́yìn náà, ní kí wọ́n pa á, kó o wá tan tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ sí ojú ẹ̀. Bí tọ́ọ̀ṣì yẹn bá ṣe tàn sí ọ lójú ni fèrèsé pálọ̀ rẹ náà ṣe máa tàn.