FedWatch: Irinṣẹ́ Tó Ń Wọn Ìrètí Ọjà Lórí Èlé

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ṣí FedWatch, irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí ilé-iṣẹ́ CME Group gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú èrò pé yóò sọ ohun tí Federal Reserve, báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà, fẹ́ ṣe sí èlé ní ìpàdé tó ń bọ̀. Iṣẹ́ wòlíì kọ́ ni wọ́n ṣe é fún. Iye tí àwọn oníṣòwò ń fi ra àdéhùn lórí èlé ọjọ́ iwájú ló ń kà: bí àdéhùn oṣù kan bá wà ní 95.50, a ó yọ ọ́ kúrò nínú 100, a jẹ́ pé èlé tí wọ́n ń retí ní ìpíndọ́gba lóṣù náà jẹ́ 4.50 nínú ọgọ́rùn-ún.

Lẹ́yìn ìpinnu tí kò bá ìrètí àwọn onímọ̀ mu ni mo ti ń mọ iyì rẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, báńkì náà gé èlé láti 5.25–5.50 sí 4.75–5.00. Púpọ̀ nínú àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé ti ní ìdajì ìyẹn ni yóò gé, ó sì yà wọ́n lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹni tó wo FedWatch ṣáájú ìkéde náà ti rí i pé ọjà ń tẹ̀ síhà gígé ńlá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dájú. Abájọ tí S&P 500, òṣùwọ̀n iye ìpín nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ilé-iṣẹ́ ńlá Amẹ́ríkà, tó kọ́kọ́ gòkè, fi parí ọjọ́ náà ní ìsàlẹ̀ díẹ̀; lójú tèmi, àwọn oníṣòwò ti san púpọ̀ nínú owó ìròyìn náà sílẹ̀.

Àléébù rẹ̀ kò kéré. Ọjọ́ ìpàdé tó wà lórí ìwé ló gbé ìṣirò rẹ̀ kà, nítorí náà kò ní àyè fún irú ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà mú kí báńkì náà gé èlé lẹ́ẹ̀mejì láìdúró de ìpàdé, tí ẹlẹ́ẹ̀kejì tilẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ Àìkú. Kò sì lè sọ bí ọjà yóò ṣe gba ìpinnu: lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, S&P 500 já wálẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún, àfi bí ẹni pé ìrànwọ́ náà gan-an ló dẹ́rù bà wọ́n.

Tábìlì tó ń fi ìrètí òní wé ti àná, ti ọ̀sẹ̀ kan àti ti oṣù kan sẹ́yìn ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, ìrètí ọjà kúrò ní àfikún 0.50, ó di 0.75, láàárín ọjọ́ díẹ̀ péré ṣáájú ìpàdé. Ẹni tó fi iye ọ̀sẹ̀ tó kọjá ṣírò nìkan ni ìpinnu ọjọ́ 15 oṣù náà bá lójijì.