Dókítà ẹran tó bá wa múra ajá sílẹ̀ de ìkókó n'Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ̀yin tí ẹ lóyún, tí ẹ ní ajá nílé, tí ẹ sì ń gbé Ìjẹ̀bú-Òde tàbí ìtòsí rẹ̀, ẹ ka owó dókítà ẹran mọ́ owó ẹrù ìkókó. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà ni a san fún ìbẹ̀wò méjì, ọ̀kan kí n tó bímọ, èkejì lẹ́yìn ìkómọ. Owó náà kò dùn mí rárá.

Tanímọ̀la ni ajá wa ń jẹ́. Ajá Jámánì tó dà pọ̀ mọ́ ti ìbílẹ̀ ni. Láti kékeré ló ti ń sùn sí yàrá wa, ìdí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí oyún mi ń dàgbà, ìyá ọkọ mi pè láti Àgọ́-Ìwòyè pé kí a gbé e fún àwọn ọdẹ kí àwọn tó wá máa wẹ ọmọ fún wa. Ẹ̀rù ọmọ ló ń bà wọ́n, mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ajá tó ń ṣọ́ mi lóru nígbà tí ọkọ mi bá wà lẹ́nu iṣẹ́ l'Ékòó, mi ò lè ta á dànù.

Dókítà kọ́kọ́ wo ìwé abẹ́rẹ́ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ti ju ọdún kan lọ, ó gún un lójú ẹsẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó ń kó àrùn yìí lágbàáyé, nǹkan bí mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ló jẹ́ pé ara ajá ni wọ́n ti kó o, tí àmì rẹ̀ bá sì ti yọ, agbára káká ni ènìyàn fi ń yè é. Ó sọ fún Màmá, ìyá ọkọ mi, pé tí ajá kankan, ìbáà jẹ́ tiwa, bá gé ẹnikẹ́ni jẹ, kí a fi ọṣẹ àti omi fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ká tó gba ọsibítù lọ. Kò sí epo pupa, kò sí irun ajá níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fún Tanímọ̀la ní oògùn aràn. Ó ní ẹyin aràn gbọọrọ inú ìgbẹ́ ajá kì í lè ṣe ènìyàn lọ́jọ́ tó jáde, ó máa ń gbà á ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan nínú ilẹ̀, torí náà ẹni tó bá ń kó ìgbẹ́ lójoojúmọ́ ti gé e kúrú. Iṣẹ́ ọkọ mi nìyẹn di òní.

Ohun tó kù, àwa ló ń bá sọ ọ́ ju ajá lọ. Ó ní kí a ti gbé ibùsùn Tanímọ̀la lọ sí pálọ̀ láti ìgbà yẹn, kó má baà di pé ọjọ́ tí ọmọ dé gan-an ni wọ́n lé e jáde. Kápẹ́ńtà bá wa kan géètì kékeré sẹ́nu ọ̀nà yàrá. A ń fi ẹkún ìkókó sórí fóònù, ohùn kékeré lákọ̀ọ́kọ́, a sì ń fún un ní ẹ̀dọ̀ màlúù sísè wẹ́wẹ́ bí ẹkún náà ṣe ń lọ. Nígbà tí mo bímọ, ọkọ mi mú síńgílẹ́ẹ̀tì tí ọmọ ti wọ̀ wálé ṣáájú wa, ó jẹ́ kó gbóòórùn rẹ̀. Lọ́jọ́ tí a dé, èmi nìkan ni mo kọ́kọ́ wọlé kí i, ọwọ́ mi ṣófo. Ìgbà tó fò títí tó rẹ̀ ẹ́ ni wọ́n tó fi okùn sí i lọ́rùn, tí ọmọ sì wọlé.

Màmá ò gbà bọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Dókítà, ajá ò ṣá mọ ọmọ yàtọ̀ sí ẹran." Ó ní, "Òótọ́ lẹ sọ, Màmá. Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi gbọ́dọ̀ fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ láìsí àgbà níbẹ̀, bó ti wù kí ajá náà jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́ tó."

Ìbẹ̀wò kejì ló jọ mí lójú jù. Ọmọ àlejò kan di etí Tanímọ̀la mú, ajá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Màmá ti gbé ìgbálẹ̀. Dókítà ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nà án. Ọ̀rọ̀ ló ń sọ yẹn. Tí ẹ bá nà án títí tó fi dákẹ́, lọ́jọ́ míì tí ara rẹ̀ ò bá gbà á, eyín lẹ máa kọ́kọ́ rí." Ó wá kọ́ wa ní ohun tó máa ń ṣáájú kíkùn: kó máa lá ètè láìjẹun, kó máa yán láìtoògbé, kó yí ojú kúrò, kí ara rẹ̀ gan. Màmá fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Àwọn náà ni wọ́n ń pè mí báyìí: "Ìyá ìkókó, ajá yín ń lá ètè o!" (Wọn ò fún un ní àjẹkù ìkọ́kọrẹ́ mọ́ náà, nítorí àlùbọ́sà máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́.)

Àléébù rẹ̀ wà. Aago mẹ́wàá tó dá fún wa, ọ̀sán ló dé, kò sì pè. Ìwé tó fi sílẹ̀, Òyìnbó ni látòkèdélẹ̀, èmi ni mo ń ka á fún Màmá, bẹ́ẹ̀ wọ́n máa ń ka Bíbélì Yorùbá geere. Kò sì mẹ́nu kan ọjọ́ ìkómọ àfi ìgbà tí mo bi í, ọjọ́ tí èrò pọ̀, tí ìlù ń dún, tí àwọn ọmọdé ń sáré kiri. Ìdáhùn rẹ̀ dára: ká má so ó mẹ́yìnkùlé níbi tí àwọn ọmọ ti lè máa fi igi gún un, ká gbé e lọ sílé ẹni tó mọ̀ dáadáa. Ilé aládùúgbò ló ti sun ọjọ́ náà.

Ọmọ ti ń jókòó báyìí. Dókítà ti sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ìgbà tó bá ń rákò ni iṣẹ́ pọ̀ jù, torí ọmọ ni yóò máa lọ bá ajá nídìí oúnjẹ rẹ̀. A ti bá a dá ọjọ́ míì, mo sì ti sọ fún un pé kó kọ ìwé tọ̀tẹ̀ yìí ní Yorùbá.