Rọ́bà Lax Vox fún akọrin: ohun tó ń ṣe àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Akọrin tí ohùn rẹ̀ máa ń kẹ̀ lẹ́yìn ìsọ́-òru ni rọ́bà Lax Vox, ọ̀pá tí a ń kùn gba inú rẹ̀ sínú omi, wúlò fún jù. Sílíkóònù rírọ̀ ni, ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 35, ihò inú rẹ̀ sì fẹ̀ tó mìlímítà 9 sí 12. Marketta Sihvo, onímọ̀ ìtọ́jú ohùn ní Finland, ló gbé e kalẹ̀. Ọ̀pá onígíláàsì ni wọ́n ti ń lò níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Omi àti èémí nìkan ló ń bá ṣiṣẹ́.

Nígbà tí a bá ń fi tipátipá kọrin, tán-án-ná méjèèjì inú gògóńgò, ìyẹn ẹran tó ń gbọ̀n tí ohùn fi ń jáde, máa ń gbá ara wọn gbì-gbì títí wọ́n á fi wú. Tí ìdí rọ́bà bá wà nínú omi, omi á máa ti èémí padà díẹ̀, tán-án-ná á sì lè máa gbọ̀n láìgbá ara wọn líle. Ìdí nìyẹn tí ohùn fi máa ń fúyẹ́ tí a bá yọ rọ́bà kúrò lẹ́nu.

Ẹ bu omi dé ìdajì ike omi kékeré. Ẹ ki rọ́bà bọ omi ní sẹ̀ǹtímítà 2 péré. Ẹ fi ètè dì í pinpin, kí eyín má kàn án, kí ẹ wá kùn "uu" sínú rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ẹ tẹ́tí sí omi tó ń hó, nítorí òun gan-an ni olùkọ́. Tó bá ń hó déédéé, èémí yín dúró ire. Tó bá ń ta sókè, ẹ ń ti èémí jù. Tí ìhó bá dákẹ́ lójijì bí ẹ ṣe ń gòkè, ọ̀fun ti fún nìyẹn, ibẹ̀ náà sì ni ohùn yín ti máa ń já nínú orin. Ẹ padà sí ìsàlẹ̀ díẹ̀, kí ẹ tún yọ́ gba ibẹ̀ kọjá, láìpariwo.

Láti doh dé soh ni kí ẹ kọ́kọ́ máa fa ohùn lọ bọ̀, láìgé e. Lẹ́yìn náà, doh dé doh òkè. Ẹ wá gba ohùn orin kan látòkè délẹ̀ nínú rọ́bà, kí ẹ yọ ọ́, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ kọ ẹsẹ kan náà lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń fo ìgbésẹ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ òun ló ń gbé èrè náà wọ inú orin. Ìṣẹ́jú 5 tó, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́. Tí òòyì bá ń kọ́ yín, ẹ sinmi. Èémí yín ti pọ̀ jù.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kíki rọ́bà jìn. Bí omi ṣe ń jìn ni agbára tí èémí nílò láti hó o ń pọ̀ sí i, ọrùn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gan. Èkejì ni imú. Ẹ fi ìka dí imú bí ẹ ṣe ń kùn: tí ìró bá yí padà, èémí ń jò gba ibẹ̀.

Sítírọ́ọ̀ lásán náà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n tín-ín-rín ni ihò rẹ̀, ó le ju rọ́bà lọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Rọ́bà ni mo fara mọ́.

Kò ní kọ́ yín ní etí o. Ẹni tí ohùn rẹ̀ ń yẹ̀ kúrò lórí kíì ṣì nílò dùùrù àti solfa. Kò sì rọ́pò ìsinmi. Orógbó àti ataare tí a ń jẹ kí ohùn lè là, ọ̀nà oúnjẹ ni wọ́n ń gbà lọ, wọn kì í kan tán-án-ná. Tí ohùn bá kẹ̀ ju ọ̀sẹ̀ 3 lọ, dókítà ọ̀fun ló yẹ kó wò ó.

Ẹ fi ọṣẹ fọ rọ́bà lẹ́yìn ìlò, kí ẹ gbé e kọ́ kó gbẹ, kí ẹ da omi inú ike nù. Tó bá tutù sílẹ̀, inú rẹ̀ á yọ̀, á sì bu. Ẹ má yá ẹnikẹ́ni nínú kwaya, kí kálukú ní tirẹ̀.