Rósì olóòórùn márùn-ún ní ẹ̀yìnkùlé mi ní Romford, àti èyí tí màá tún rà

Ẹni tó bá ń wá rósì nítorí òórùn, kó má fi ojú nìkan rà á. Ìwé pélébé tí wọ́n ń so mọ́ ọn ní ilé ìtajà á ní ó ń ta sánsán, ó tán síbẹ̀. Kò ní sọ fún yín bóyá òórùn ọ̀hún á wá bá yín níbi tẹ́ ẹ jókòó sí, tàbí ẹ̀yin lẹ máa lọ bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn kẹ́ ẹ tó gbọ́ ọ. Lójú tèmi, ìyẹn ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ béèrè kó tó yọ owó, ju àwọ̀ lọ, ju orúkọ lọ.

Márùn-ún ló wà ní ẹ̀yìnkùlé mi ní Romford, ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Ilẹ̀ wa jẹ́ amọ̀, ó máa ń lẹ̀ mọ́ bàtà nígbà òtútù, ó sì máa ń le bí òkúta nígbà ooru. Oòrùn ń dé ibẹ̀ láti nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà, nítorí náà àárọ̀ kùtù ni mo máa ń yẹ̀ wọ́n wò kí n tó lọ sùn, ìgbà yẹn gan-an sì ni òórùn rósì máa ń pọ̀, kí oòrùn tó mú. Ẹ fi èyí sọ́kàn tẹ́ ẹ bá ń dán rósì wò. Lọ́jọ́ tí òtútù bá mú tàbí tí atẹ́gùn bá le, ẹ lè fi imú kan èyí tó dára jù kẹ́ ẹ má gbọ́ nǹkan kan. Ẹ má bú u. Ẹ padà wá lọ́jọ́ tó bá móoru tí atẹ́gùn sì rọlẹ̀.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti orí Gertrude Jekyll. David Austin, ará Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń ṣẹ̀dá irú rósì tuntun, ló mú un jáde ní 1986, ó sì fi orúkọ ìyá kan tó gbajúmọ̀ nínú iṣẹ́ ọgbà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó kú ní 1932, sọ ọ́. Píńkì tó jinlẹ̀ ni. Ìrudi rẹ̀ kéré débi pé ẹ ò ní gbà pé inú rẹ̀ ni òdòdó tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ yóò ti jáde. Tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ òórùn omi rósì rí, òórùn rẹ̀ nìyẹn, àmọ́ tiẹ̀ tún jinlẹ̀ ju inú ìgò lọ. Nínú kí èèyàn gbé imú lé òdòdó kó sì mí kanlẹ̀, kò sí èyí tó lè bá a dù ú nínú ọgbà mi. Ẹ̀gún rẹ̀ ló burú. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn tó gùn dé ìgúnpá kẹ́ ẹ tó rẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó tún máa ń ga gbọọrọ sókè, nítorí náà ẹ má gbìn ín síwájú àwọn tó kúrú.

Fragrant Cloud wá láti Jámánì. Mathias Tantau ló mú un jáde ní 1963, ẹgbẹ́ àwọn olórósì àgbáyé sì kà á mọ́ àwọn àyànfẹ́ wọn ní 1981. Àwọ̀ rẹ̀ wà láàárín pupa àti ọsàn tó pọ́n, kì í sì í bá àwọn òdòdó yòókù ṣe rẹ́. Àmọ́ òórùn rẹ̀! Ẹ gé ẹyọ kan péré, ẹ fi sínú ife omi, gbogbo yàrá á gbà á. Nígbà tí màmá mi wá kí wa láti Abẹ́òkúta, mo gbé ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn wọn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ké sí mi: "Ìwọ ọmọ yìí, lọ́fínńdà ta ni mò ń gbọ́ nínú yàrá mi?" Mo ní, "Màmá, òdòdó yẹn ni, ẹ̀ mà." Wọn ò gbà, àfi ìgbà tí wọ́n gbé ife náà sí imú. Tí wọ́n bá pè mí lórí WhatsApp báyìí, wọ́n máa ń ní kí n gbé fóònù lọ sídìí ẹ̀ kí wọ́n lè rí i.

Ẹ fi ìyẹn wé ìdì rósì tí wọ́n ń tà ní súpámákẹ́ẹ̀tì. Púpọ̀ nínú wọn ń wọ ọkọ̀ òfúrufú wá láti Kẹ́ńyà. Wọ́n rẹwà, wọ́n á sì pẹ́ nínú omi kí wọ́n tó rọ, ṣùgbọ́n imú ò ní rí nǹkan gbà lọ́wọ́ wọn. Pípẹ́ nínú omi àti fífara da ìrìn àjò ni wọ́n tìtorí ẹ̀ yan irú wọn. Ní 2015, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Faransé fi rósì kan tó ń jẹ́ Papa Meilland, tí òórùn rẹ̀ le, wé Rouge Meilland tí kò ní òórùn, wọ́n sì rí i pé èròjà kan nínú ara rósì, RhNUDX1, wà lára ohun tó ń jẹ́ kó ta sánsán. Ó ń ṣiṣẹ́ gidi lára Papa Meilland, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí lára ìkejì. Nítorí náà, rósì tí òórùn ò bá sí lára irú rẹ̀, kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè tọ́jú ẹ̀ tó máa mú òórùn jáde.

Double Delight, láti Amẹ́ríkà, 1977: funfun bíi wàrà ní àárín, etí rẹ̀ pupa, oòrùn ló sì ń mú pupa náà tàn kálẹ̀. Òórùn rẹ̀ ní ata díẹ̀ nínú, ó wù mí gan-an. Àmọ́ òjò ibí ò bá a lára mu. Òdòdó á jẹrà kó tó ṣí, ewé á sì bu funfun. Àbúrò mi obìnrin ní Sacramento ní irú ẹ̀, tiẹ̀ ń ṣe bẹbẹ nínú oòrùn gbígbẹ ọ̀hún.

Zéphirine Drouhin ló dàgbà jù nínú wọn, 1868 ló jáde ní Faransé. Kò ní ẹ̀gún, ìdí nìyẹn tí mo fi fà á mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí àwọn ọmọ ń gbà sáré wọlé. Òórùn rẹ̀ dùn, ó jọ ti èso tó pọ́n. Wàhálà rẹ̀ ni àrùn àmì dúdú. Olú tín-ín-tín kan ló ń fa àrùn náà, omi tó bá pẹ́ lórí ewé ló fi ń ráyè wọlé, òjò ló sì ń ta á láti ewé kan sí òmíràn. Ìdí igi ni kẹ́ ẹ máa bomi sí, ẹ má bomi lé e lórí. Ẹ ṣa gbogbo ewé tó bá já bọ́, ẹ má dà á mọ́ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe ajílẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀ náà, tó bá fi máa di Oṣù Kẹjọ, ìsàlẹ̀ tèmi á ti wà láìléwé. Tí ọmọ kékeré bá wà nílé yín, ẹ rà á. Tí kò bá sí, ẹ wá òmíràn.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ló kù. Penelope ni, Joseph Pemberton ló sì mú un jáde ní 1924. Àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ni, Havering-atte-Bower ló gbé, bọ́ọ̀sì ń lọ síbẹ̀ láti Romford níbí. Inú mi máa ń dùn pé ọmọ àdúgbò ni rósì tó ń ṣe dáadáa jù lọ́dọ̀ mi. Òdòdó rẹ̀ funfun pẹ̀lú píńkì díẹ̀, ewé òdòdó rẹ̀ ò pọ̀, ó máa ń ṣí sílẹ̀ gbayawu tí àárín á hàn. Tẹ́ ẹ bá gbé imú lé e, ẹ lè ní kí ló wá wà nínú èyí. Ẹ fà sẹ́yìn. Ẹ jókòó sí ẹnu ọ̀nà ìdáná nírọ̀lẹ́ Oṣù Kẹfà, kẹ́ ẹ máa ṣa ẹ̀fọ́ yín lọ, ẹ ó rí i pé òun ló wá bá yín. Nínú irú rósì báyìí, àwọn okùn wẹ́wẹ́ àárín òdòdó ni òórùn ti ń jáde, ó sì mọ̀ ọ́n bá afẹ́fẹ́ rìn. Àwọn aládùúgbò tí kò bá mi sọ̀rọ̀ rí ti béèrè látẹ̀yìn fẹ́ǹsì pé kí ni mo gbìn. Ó fẹ́ àyè o, ó lè fẹ̀ tó mítà kan àbọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹlẹ́gẹ́, ìbòòji díẹ̀ kò sì dùn ún.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà, láàárín Oṣù Kọkànlá sí Oṣù Kẹta ni wọ́n ń ta èyí tí kò sí iyẹ̀pẹ̀ ní gbòǹgbò rẹ̀, ó sì dínwó sí ti inú ìkòkò. Ilé ìtajà kan fi èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ ti gbẹ táútáú ránṣẹ́ sí mi, nítorí náà ẹ tú u wò lójú ẹsẹ̀ tó bá dé. Ẹ rì í sínú bákẹ́ẹ̀tì omi fún wákàtí méjì ó kéré tán, kẹ́ ẹ tó gbìn ín. Ìgbẹ́ ẹṣin tó ti jẹrà dáadáa ni mo fi ń tọ́jú amọ̀ tèmi.

Ní Oṣù Kọkànlá, màá hú Double Delight fún àbúrò ọkọ mi ní Dagenham, ẹni tó ní ilé gíláàsì tí òjò ò ti ní kàn án. Felicia, rósì Pemberton mìíràn, ló máa gba ipò rẹ̀. Màá kó iyẹ̀pẹ̀ ojú ibẹ̀ kúrò ná, kí n fi ti ìdí ẹ̀fọ́ rọ́pò rẹ̀, torí rósì tuntun kì í fẹ́ dàgbà nínú ilẹ̀ tí rósì mìíràn ti lò.