Bàìnókúlà 8x42 nínú ọyẹ́ Ìbàdàn

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá fẹ́ ra bàìnókúlà (awò olójú méjì tí ń fa ohun tó jìnnà mọ́ra) láti fi wo ẹyẹ, kó má jẹ́ kí ọlọ́jà fi èyí tí wọ́n kọ 20x sí lára tàn án. 8x42 ni mo rà. Kò lórúkọ ńlá, owó rẹ̀ ò sì ju ti fóònù àlòkù lọ, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni mo ti ń fi ṣọ́ ẹ̀yìnkùlé wa ní Mọ́níyà, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn gidi.

8 yẹn túmọ̀ sí pé ẹyẹ tó wà ní 80 mítà yóò dà bí ẹni pé 10 mítà péré ló wà. 42 ni fífẹ̀ gíláàsì iwájú ní mìlímítà, òun ló sì ṣe pàtàkì jù lásìkò yìí, nítorí bó bá ṣe fẹ̀ tó ni ìmọ́lẹ̀ ṣe ń wọlé tó. Láàárọ̀, eruku tí afẹ́fẹ́ ń kó bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà á ti bo ojú ọ̀run, gbogbo ilẹ̀ á rí bàìbàì. Mo yá 10x25 ọ̀rẹ́ mi kan wò: inú rẹ̀ ṣókùnkùn, bí ọwọ́ mi sì ṣe ń gbọ̀n nítorí òtútù ni ẹyẹ ń gbọ̀n, torí bí awò bá ṣe ń fa nǹkan mọ́ra tó ni gbígbọ̀n ọwọ́ ṣe ń hàn tó. Tèmi mọ́lẹ̀ kedere.

Ẹyẹ tí mo tìtorí rẹ̀ rà á ni yellow wagtail. Ẹyẹ tẹ́ẹ́rẹ́ ni, abẹ́ ikùn rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, ìrù rẹ̀ kì í sinmi: sókè, sódò, bó ti ń rìn nínú koríko gbígbẹ. Ojú lásán kò rí ju ẹyẹ kékeré kan lọ. Nínú awò yìí mo rí ẹsẹ̀ dúdú rẹ̀, mo rí etí funfun lára ìyẹ́ apá rẹ̀, mo rí eṣinṣin tó gbé mì. Yúróòpù ló ti ń pa ọmọ o! Bí òtútù bá ti bẹ̀rẹ̀ lọ́hùn-ún ní September sí October, kòkòrò á dínkù, wọ́n á gbéra, wọ́n á fò kọjá Sàhárà wá bá wa. Ó máa ń yà mí lẹ́nu lójoojúmọ́.

Lékèélékèé àti àwòdì náà máa ń dé bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, àmọ́ apá òkè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà níhìn-ín ni wọ́n ti ń bọ̀.

Ibi tó ti já mi kulẹ̀ ni nǹkan tó bá wà nítòsí. Akọ alángbá kan máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri wa láàárọ̀, ara rẹ̀ á ti ṣì dúdú nítorí òtútù. Bí oòrùn bá ti ń ta á ni orí rẹ̀ á máa pọ́n díẹ̀díẹ̀. Tí mo bá sún mọ́ ọn ju nǹkan bíi mítà mẹ́ta lọ, awò ò mú un mọ́. Eruku sì ti wọ ibi tí a ń yí kí nǹkan lè hàn kedere, ó ń dún ṣìn-ìn. Ẹ má fi aṣọ nu gíláàsì rẹ̀ lásìkò ọyẹ́: ẹ kọ́kọ́ fẹ́ eruku kúrò, nítorí yanrìn ló wà nínú rẹ̀, á ha á.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé e jáde sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ fi wo ewé igi tó jìnnà. Bí ẹ bá ń rí méjì-méjì, ẹ dá a padà. Èmi ń múra láti gbé tèmi lọ sí igbó IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn níbí, bóyá màá rí Ibadan malimbe, ẹyẹ tí kò sí níbòmíràn láyé àfi ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà.